Ẹ̀ṣọ́ Akáúǹtáǹtì

"Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Òwe yìí ni wọ́n máa ń pa mọ́ ilé-ìwé nígbà tí ọmọ tó gboyè ìṣirò owó bá dé ibi iṣẹ́ tó ń wò pàkò níwájú káṣíbúùkù. Wọ́n á ní ká ní ilé fún un ní ẹ̀ṣọ́ ni, òde ì bá ti rí i. N kò sọ pé ilé kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òwe náà tí a kì í fọkàn sí: ẹni tó ń kó ẹ̀ṣọ́ nílé ti mọ òde tó ń lọ. Aṣọ òkú àgbà yàtọ̀ sí ti ìkómọ. Ilé tí kò mọ òde lè di ẹrù kún báàgì fún ọmọ, kí èyí tó yẹ ẹ́ má sì sí níbẹ̀.

Fún ọmọ Ute ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ilé tí à ń wí kò jìnnà, Ọ̀wọ̀ ló wà. Ọdún 1979 ni wọ́n dá Pọ́lì ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ níbẹ̀. Rufus Giwa Polytechnic ló ń jẹ́ báyìí, orúkọ ọ̀gá kan tó darí Lever Brothers ní Nàìjíríà. Achievers University náà dé sí Ọ̀wọ̀ ní 2007.

Ẹ̀kọ́ tí irú ilé-ẹ̀kọ́ báyìí ń fún ọmọ kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ọmọ náà mọ ìdí tí a fi ń kọ owó kan náà sí apá ọ̀tún àti apá òsì, ọgbọ́n tí Luca Pacioli tẹ̀ sínú ìwé ní Venice ní 1494. Ó mọ ìlànà ìṣirò owó àgbáyé, IFRS, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2012. Gbé ìbéèrè ìdánwò síwájú rẹ̀, á ṣe é. Àmọ́ ẹ wo ìbéèrè náà fúnra rẹ̀: wọ́n ti to gbogbo iye sílẹ̀, wọ́n ti sọ èyí tó jẹ́ gbèsè àti èyí tó jẹ́ ọjà. Olùkọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé bírò.

Ká ní ọ̀dọ̀ oníṣòwò kòkó ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Páálí kan ni ọ̀gá máa gbé fún un: rìsíìtì tí òjò ti pa, bébà tí awakọ̀ kọ owó epo sí, òmíràn tí wọ́n fi ka àpò kòkó tí kò sí ọjọ́ lára rẹ̀. Káṣíbúùkù ní ₦850,000 ló yẹ kó wà ní báǹkì. Sítétímẹ́ǹtì ní ₦798,600. Níbo ni ₦51,400 gbà? Ọ̀gá ti fi fóònù rẹ̀ fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, kò sọ fẹ́nì kan. ₦1,000 jẹ́ náírà àádọ́ta tí ìjọba ń yọ lórí ìfowóránṣẹ́ tó bá tó ₦10,000, lọ́nà ogún. ₦400 tó kù, owó àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì ni.

Ìṣirò ibẹ̀ kò le, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á yọ ọ́. Ohun tó le ni kí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún wọlé tọ ọ̀gá, kó kúnlẹ̀ díẹ̀, kó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ₦50,000 ọjọ́ Sátidé yẹn, ṣé ti ọjà ni àbí tiyín?" Kọ́ọ̀sì wo ló kọ́ ọ bí a ṣe ń bi àgbà léèrè owó láìpe àgbà lólè? Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni iṣẹ́ akáúǹtáǹtì.

Ọ́fíìsì ni àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti kọ́ irú èyí. Akintola Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di chartered accountant, ní 1949, tó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1952, jẹ́ ara ìran tó ń jókòó ti ọ̀gá, tí wọ́n sì tún ń kàwé ìdánwò. Ní tiwa, ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, dá SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, sílẹ̀ ní 1973 kí ó lè dí àlàfo tó wà láàárín kíláàsì àti ọ́fíìsì. "IT" ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Oṣù mẹ́rin ni ti ọmọ ND, lẹ́yìn náà á tún fi ọdún kan ṣiṣẹ́ kó tó wọ HND. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bà jẹ́. Fọtokọ́pì àti ìrẹsì ọ̀sán àwọn òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ IT ń sá kiri lé lórí, ẹnì kan á sì fọwọ́ sí ìwé wọn nígbẹ̀yìn. Òfin ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá tóbi tó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ITF. Àwọn tó ń pariwo pé ọmọ kò mọ nǹkan kan ti san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣáájú, wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kó fọwọ́ kan lẹ́jà.

Tèmi ni pé kí Pọ́lì má dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà ń kọ owó wọn sínú ìwé pẹlẹbẹ, akápò ló sì ń dá a ṣe. Kí ọmọ IT jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá pín owó, kó fúnra rẹ̀ ka ìwé náà níwájú ìpàdé, kó sì dáhùn nígbà tí ìyá kan bá ní iye tí wọ́n pè kò bá ti òun mu. Máàkì tó bá gbà níbẹ̀ ni kí wọ́n kọ sínú èsì rẹ̀.