Ìkànìyàn Wo Ló Bá Ìbéèrè Wo Mu? Iye Ènìyàn ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí ìjọba kan tẹ̀lé òmíràn ti ń ka àwọn ọmọ Alákétu, àwọn ọmọ Oníṣábẹ àti àwọn Yorùbá Àjàṣẹ́. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń béèrè ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà tàbí àyè fún èdè Yorùbá. Bí iye náà kò bá bá ìbéèrè mu, ẹjọ́ tó jàre lè di ẹ̀bi.

Ìtàn Kétu fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn. Ní 1886, ogun Dàhómì pa ìlú náà run, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé gba Àgbómẹ̀ ní 1892, àwọn tó yè bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá tún ilé bàbá wọn kọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ti la ilẹ̀ Alákétu sí méjì: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, kò tíì sí ìkànìyàn kan ṣoṣo tó ka gbogbo ọmọ Kétu pọ̀.

Ìwé owó-orí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn aláṣẹ Faransé ń pè ní kíkà ènìyàn láyé amúnisìn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé náà ni yóò san owó, òun náà ni wọ́n lè mú lọ síbi iṣẹ́ àfipáṣe tàbí sójú ogun. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú ti fi hàn nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn ìjòyè, sá kọjá ààlà sí Nàìjíríà nítorí irú ìnira bẹ́ẹ̀. Bí iye ìlú kan bá lọ sílẹ̀ nínú ìwé wọ̀nyí, ó lè jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ fọhùn. Ìwé náà wúlò gan-an fún ẹni tó ń wádìí bí ìjọba ṣe ni ará ìlú lára. Ẹni tó ń wá iye ọmọ tí ìlú bí kò gbọdọ̀ gbára lé e.

Lẹ́yìn òmìnira, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe ìkànìyàn gbogbogbòò ní 1979, 1992, 2002 àti 2013. Iye gbogbo ènìyàn kúrò ní 3,331,210 lọ sí 4,915,555, ó dé 6,769,914, ó sì di 10,008,749. Ṣùgbọ́n ní 1999, láàárín ìkejì àti ìkẹta, wọ́n sọ ìpínlẹ̀ mẹ́fà di méjìlá. Kétu, tó wà pẹ̀lú Àjàṣẹ́ nínú Ouémé, bọ́ sínú Plateau; Ṣábẹ kúrò nínú Zou, ó bọ́ sínú Collines. Ẹni tó bá gbé iye Ouémé ti 1992 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2002 láìmọ èyí yóò rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ló jà níbẹ̀. Ààlà ló yí padà. Ilẹ̀ kan náà ni a fi ń wé ara rẹ̀.

Àjàṣẹ́ náà kọ́ni lọ́gbọ́n. Kọ́múnù Porto-Novo ní 223,552 ènìyàn ní 2002, ó sì ní 264,320 ní 2013. Ó fi bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, nígbà tí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ fi bí ìdá 48 pọ̀ sí i. Ó rọrùn láti kígbe pé ìlú ọba ń gbẹ. Àmọ́ láàárín ọdún kan náà, Sèmè-Podji, tó wà láàárín Àjàṣẹ́ àti Kùtọnù, fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú ń gbèrú gbọ́dọ̀ ka àwọn kọ́múnù tó yí i ká mọ́ ọn, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí kò rí ilẹ̀ láàárín ìlú ń kọ́lé sí.

Ìbéèrè tó máa ń gbóná jù ni ti ẹ̀yà. Ní 2002, ìdá 12.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ni ìkànìyàn pè ní Yorùbá àti àwọn ìbátan wọn. Ní 2013, ó jẹ́ ìdá 12.0. Ìpín náà dínkù díẹ̀, ṣùgbọ́n orí tó wà nídìí rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 830,000 lọ sí nǹkan bí 1,200,000. Òótọ́ ni méjèèjì, ẹni tó bá sì sọ ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ èkejì. Orúkọ ẹ̀yà kò sì sọ èdè tí ọmọ ń sọ nínú ilé: wọ́n lè kọ ọmọ sílẹ̀ ní Nàgó nítorí bàbá rẹ̀, kí ó máa fi Fọ̀n tàbí Faransé ṣeré. Ẹgbẹ́ tó ń jà fún èdè nílò ìdáhùn nípa èdè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iye kọ́múnù Kétu, tó kúrò ní nǹkan bí 100,000 ní 2002 tó sì lé ní 150,000 ní 2013, yàtọ̀ sí iye ọmọ Kétu. Àlejò tó wá dáko wà nínú rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé Kùtọnù tàbí Èkó kò sí níbẹ̀. Ìkànìyàn Nàìjíríà ti 1991 àti ti 2006 kò sì béèrè ẹ̀yà, nítorí náà wọn kò lè sọ iye ọmọ Kétu tó wà ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Èkó. Ní Tógò, lẹ́yìn ìkànìyàn 1981, ó di 2010 kí wọ́n tó ṣe òmíràn, kí ti 2022 tó tẹ̀lé e. Odindi ìran kan ti dàgbà láàárín àwọn Ifẹ̀ Atakpamé kí ìwé tó tún kà wọ́n.

Ohun mẹ́rin ló yẹ kí ẹgbẹ́ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye yòówù tó bá fẹ́ gbé síwájú ìjọba: ọdún tí wọ́n kà á, ilẹ̀ tí wọ́n kà, irú ènìyàn tí wọ́n kà, àti ìdí tí wọ́n fi kà á. Bí ọ̀kan bá ṣaláìsí, kí wọ́n wá ìwé mìíràn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àtakò àkọ́kọ́ tí alátakò bá rí nínú iye kan ni yóò fi ba gbogbo ẹ̀bẹ̀ jẹ́, ọmọ tí a ń torí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ni yóò sì pàdánù.