Ta Nìyẹn O? Ìtàn Kámẹ́rà Aṣọ́lé àti Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tó Ń Dá Ojú Mọ̀

Nọ́ọ̀sì kan wà ní Jamaica, ládùúgbò Queens nílùú New York, tó ń jẹ́ Marie Van Brittan Brown. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àsìkò kan pàtó. Albert ọkọ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ṣe, náà kì í sábà sí nílé lóru. Ìwà ọ̀daràn pọ̀ ládùúgbò wọn, bí wọ́n bá sì pe ọlọ́pàá, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, tọkọtaya náà kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé kó fọwọ́ sí i pé àwọn ló ṣẹ̀dá ẹ̀rọ kan: ihò mẹ́rin lára ilẹ̀kùn, ọ̀kan lókè èkejì, kí ojú ẹni gíga àti ti ọmọdé má baà fo kámẹ́rà tó ń lọ sókè sódò lẹ́yìn wọn. Tẹlifíṣọ̀n wà nínú yàrá tí wọ́n á ti máa wo àlejò, makirofóònù wà tí wọ́n á fi bá a sọ̀rọ̀, bọ́tìnì sì wà tí wọ́n lè fi ṣílẹ̀kùn láì dìde, àti òmíràn tí wọ́n á fi ké gbàjarè. Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni ìjọba fọwọ́ sí i.

Kì í ṣe pé obìnrin yìí fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn ti sọ ìyẹn fún un. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí gbogbo onílé Yorùbá máa ń béèrè bí ilẹ̀ bá ti ṣú: “Ta nìyẹn o?” Bí ẹni tó wà níta bá dáhùn pé “Èmi ni,” onílé kò tíì ní ṣílẹ̀kùn. Orúkọ ló fẹ́ gbọ́. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri lóde òní ló jẹ́ pé “Èmi ni” ni gbogbo ohun tí wọ́n lè sọ: ènìyàn kan kọjá, ó wọ aṣọ dúdú, ó gbé nǹkan lọ. Ta ni? Ó kù síbẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ lo irú ẹ̀rọ yìí kò wá ojú ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1942, ní Peenemünde ní Jámánì, Walter Bruch fi kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n so ibi tí wọ́n ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 wò mọ́ iyàrá tí àwọn onímọ̀ wà. Iná ńlá ni wọ́n fẹ́ wò láti òkèèrè, kí ó má baà bú gbàmù mọ́ wọn lára. Ní ọdún 1968, ìlú Olean ní ìpínlẹ̀ New York gbé kámẹ́rà sí òpópónà ọjà rẹ̀ nítorí ìwà ọ̀daràn. Káṣẹ́ẹ̀tì fídíò wá jẹ́ kó ṣeé ṣe láti tọ́jú ohun tí kámẹ́rà rí, ṣùgbọ́n àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń ká fídíò tuntun lé káṣẹ́ẹ̀tì kan náà lórí léraléra, títí àwòrán rẹ̀ á fi rí bí èyí tí a ń wò látinú omi.

Ohun tí èyí lè ná ènìyàn hàn ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1993. Kámẹ́rà ilé ìtajà Strand ní Bootle, lẹ́bàá Liverpool, ya àwòrán James Bulger, ọmọ ọdún méjì, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn méjì tó mú un lọ ti ń fà á lọ́wọ́ jáde. Wọ́n pa ọmọ náà. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí àwòrán ọ̀hún lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ojú àwọn tó mú un lọ kò hàn kedere, àwọn tó sì wò ó lérò pé wọ́n dàgbà ju ọjọ́ orí wọn gan-an lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í náwó gidi sórí kámẹ́rà ìgboro.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ohun mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀ tí kò jọ ọ̀rọ̀ ààbò rárá. Ní yunifásítì Cambridge, ìkòkò kọfí kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń lò. Ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ jìnnà á sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, á bá ìkòkò ní òfìfo. Ní ọdún 1991, Quentin Stafford-Fraser àti Paul Jardetzky kọjú kámẹ́rà sí ìkòkò náà, wọ́n sì ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún 1993 ó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tí àwòrán fi ń di odindi, kò ju 128 ní ìbú àti 128 ní òró lọ, kò sì ní àwọ̀. Síbẹ̀ ó tó, nítorí ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kọfí kù?

Ọdún 1996 ni Axis, ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Lund ní Sweden, gbé Neteye 200 jáde, kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń tà tí a lè so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tààrà. Àwọn ti ìṣáájú kàn ń ti àwòrán gba inú wáyà lọ bá ẹ̀rọ tó ń gbà á sílẹ̀ ni. Èyí ní kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ nínú, ó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wà ní ìlú mìíràn sì lè wò ó. Ó kàn lọ́ra púpọ̀ ni. Bí àwòrán bá kéré, ẹyọ kan ló ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fẹ́ kó tóbi kó sì mọ́, ìṣẹ́jú àáyá 17 ni àwòrán kan ń gbà. Olè á ti wọlé, á ti jáde.

Láti ìgbà náà ni píkísẹ́lì ti ń pọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1080p ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K ní 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Bí oníbàárà bá dé ọjà Alábà l'Ékòó, nọ́ńbà tí wọ́n á kọ́kọ́ kà fún un nìyí: mẹ́gápíkísẹ́lì méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ń lérò pé ẹni tó bá ra mẹ́jọ ti bọ́ nínú ìyọnu. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlànà àgbáyé IEC 62676-4 tó jáde ní ọdún 2014 béèrè ohun tó wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ: píkísẹ́lì mélòó ló bọ́ sórí mítà kan níbi tí ènìyàn náà dúró? Bí ó bá jẹ́ 25, a ó mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 125, a ó lè dá ẹni tí a mọ̀ rí mọ̀. Ó di 250 kí a tó lè fi àwòrán ẹni tí a kò rí rí tọ́ka sí i pé òun gan-an nìyí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí 4K bá wà lórí òrùlé tó ń wo àgbàlá tó fẹ̀ ní mítà 20, tí a pín 3840 sí ọ̀nà 20, píkísẹ́lì 192 ló kan mítà kan. Aládùúgbò á ṣeé dá mọ̀ níbẹ̀, àjèjì kò ní ṣeé tọ́ka sí. Bí a bá wá mú 1080p tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí a kọjú rẹ̀ sí ẹnu géètì tó fẹ̀ ní mítà 4, píkísẹ́lì 480 ló kan mítà kan. Kámẹ́rà kékeré ti ṣe ohun tí ti olówó ńlá kò lè ṣe, nítorí pé ibi tóóró tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá ni wọ́n gbé e sí. Gíga náà ṣe pàtàkì. Kámẹ́rà tó bá ga jù, fìlà àti gèlè ló máa ń yà.

Òru ni ìdánwò gidi. Lẹ́yìn lẹ́ǹsì, ègé sílíkọ́nì kan wà tí kò ju èékánná lọ, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí a bá fún mílíọ̀nù mẹ́jọ píkísẹ́lì mọ́ orí ègé tí mílíọ̀nù méjì ti ráyè dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tó ń kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan á kéré. Lójú ọ̀sán, kò séwu. Nínú òkùnkùn, àwòrán á kún fún àmì wínníwínní, ẹni tó ń rìn á sì di òjìji. Nítorí náà, ẹni tó bá ń rajà yẹ kó béèrè bí ègé yìí ṣe tóbi tó, kó sì ní kí wọ́n fi fídíò tí wọ́n ká lóru han òun.

Àwòrán tó mọ́ tún ń jẹ àyè. Kámẹ́rà kan tó ń fi mẹ́gábíìtì 4 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan á gba nǹkan bí gígábáìtì 43 lójúmọ́. Mẹ́rin irú rẹ̀ á kún hard disk tẹ́rábáìtì 2 láàárín ọjọ́ 11 sí 12, lẹ́yìn èyí á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó bá rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n jà á lólè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ H.265, tó jáde ní ọdún 2013, ń dín ẹrù yìí kù púpọ̀ ju H.264 ti ọdún 2003 lọ.

Ọdún 2003 kan náà ni ìlànà tó jẹ́ kí iná àti àwòrán máa gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo jáde. Àǹfààní ńlá ni fún ibi tí iná kò ti dúró: inverter kan lè gbé gbogbo kámẹ́rà ilé láti ojú kan. Bí kámẹ́rà kò bá sì ṣiṣẹ́, owó ńlá lè ṣòfò. Ní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé iṣẹ́ 470 mílíọ̀nù dọ́là fún ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà, kámẹ́rà 2,000 fún Àbújá àti Èkó sì wà lára rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn aṣòfin ń béèrè ìdí tí àwọn kámẹ́rà náà kò fi ṣiṣẹ́.

Nǹkan kan ṣì wà tí kámẹ́rà ìkòkò kọfí kò bẹ̀rù: ohun tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àjèjì lè kàn án nílẹ̀kùn. Ní ọdún 2016, ètò aṣèbàjẹ́ kan tí wọ́n pè ní Mirai ń wá kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀ káàkiri ayé, ó sì ń fi nǹkan bí 60 orúkọ àti páásíwọọ̀dù láti ilé iṣẹ́ gbìyànjú wọn. Àwọn tí ẹni tó rà wọ́n kò yí tiwọn padà ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, wọ́n fi ogunlọ́gọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ya bo Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ìkànnì darí ènìyàn sí àdírẹ́sì wọn, Twitter àti Netflix kò sì ṣeé wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn fún wákàtí díẹ̀. Kí onílé yí páásíwọọ̀dù padà lọ́jọ́ tó bá gbé kámẹ́rà dé, kó sì ra èyí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí.

Kó tó sanwó fún ẹni tó bá a gbé e kọ́, kó dúró di alẹ́. Kó pa iná àgbàlá, kó ní kí ọmọ ilé kan dé fìlà, kó rìn láti géètì dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń kánjú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó wá ẹni tí kò rí ọmọ náà rí, kó fi ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ hàn án, kó sì to ènìyàn mẹ́ta síwájú rẹ̀, kó ní kó nawọ́ sí ẹni tó wọlé lálẹ́ àná.