Ojú Òòlù Lára Gẹdú

Ẹni tí ó bá ti títì Effurun sí Sapele yà sí Jakpa Road ní kùtù òwúrọ̀, kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ márúwá tó gba gbogbo ojú ọ̀nà, imú ni yóò kọ́kọ́ fi mọ̀ pé àwọn káfíńtà ti jí, nítorí òórùn pákó tútù a máa ṣáájú ìró ayùn. Ìsọ̀ ọ̀kan nínú wọn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, lórí ìgé orí gẹdú kan tí ó fi ń ṣe àpótí àlejò. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó sì ti pẹ́ láàárín àwọn Ìtsẹkírì tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn wọn ti wọ inú Yorùbá rẹ̀, èyí tí kò ṣòro, nítorí ọmọ ìyá ni èdè méjèèjì. Pákó afàrà kan wà níwájú rẹ̀, ìfági ń fá a, ohun tí ó ń bọ́ lára rẹ̀ sì ń ká jọ sílẹ̀ bí irun àgùntàn.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, igbó wo ni wọ́n ti gé eléyìí?”

Kò gbé ojú sókè. “Àbúrò, gẹdú tó bá ti dé orí agbégilódò kò nílùú mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí ìgbà kan wà tí gẹdú ní ìlú, tí ó sì ní àpò tí owó rẹ̀ ń wọ̀. Igbó kìjikìji tí àwọn baba wa ń bẹ̀rù, ibùgbé ìrókò olúwéré tí a kì í gé láìrúbọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí di ọ̀rọ̀ inú ìwé nígbà tí Alfred Moloney, Gómìnà Èkó, tẹ ìwé rẹ̀ lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 1887; ní 1899 ni a ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀ láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta; ní 1903 sì ni H. N. Thompson, tí ó ti ṣe iṣẹ́ igbó ní Burma, dé láti wá ṣe olórí iṣẹ́ náà ní Gúúsù Nàìjíríà. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a wá ń pè ní igbó ọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba tí à ń wí kì í ṣe èyí tí ó wà láàfin wa.

Àwọn ajẹ́lẹ̀ kò gọ̀. Wọ́n mọ̀ pé kò sí bí gáàdì mélòó kan ṣe lè ṣọ́ igbó tí àwọn ará ìlú bá kórìíra rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ọ̀pọ̀ igbó ọba sí abẹ́ àwọn N.A., ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà, tí wọ́n sì ń dá apá kan nínú owó tí onígẹdú san padà sínú àpò àwọn N.A. náà. Bí onígẹdú bá gé igi, gáàdì a dé pẹ̀lú òòlù irin tí a gbẹ́ àmì sí lójú, a fi lu orí gẹdú àti kùkùté tí ó kù sílẹ̀. Èyí tí kò bá ní ojú òòlù lára, igi olè ni. Owó ojú òòlù yìí wà lára owó tí àwọn N.A. fi la ọ̀nà, tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwé, àti ní Ìbíní, níbi tí igbó kò lópin lójú ẹni ìgbà náà, ó di ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí N.A. gbójú lé.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa, nítorí ibí yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà: igi tí ó dúró kò pa kọ́bọ̀ wọlé fún káńsù kankan. Èyí tí ó wó ni ó ń pawó. A ní kí káńsù máa ṣọ́ igbó, a sì gbé oúnjẹ rẹ̀ kọ́ ẹnu àáké. Bí ọ̀bẹ kò bá wá lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ta ni yóò bá a wí?

Sapele, tí kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó, ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ UAC tẹ African Timber and Plywood dó sí, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí AT&P; orí omi ni gẹdú ń gbà dé ibẹ̀ nígbà náà, a dì wọ́n pọ̀ bí ẹní, àwọn ọkùnrin a sì máa rìn lórí wọn bí ẹni ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Igi kan wà tí ayé fi orúkọ ìlú náà pè títí di òní, tí ẹni tí ó fi ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà lè má mọ̀ pé orúkọ ìlú ni.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti 1952 sọ N.A. di káńsù tí a dìbò yàn. Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn yapa ní 1963. Delta jáde ní 1991. Bí ìpínlẹ̀ ti ń bí ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ káńsù ń kúrò lára igbó: òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé òfin 1999 sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọrọ̀ ilẹ̀, yàtọ̀ sí wíwa ohun àlùmọ́nì. Ipa ni, kì í ṣe àpò.

Àfi bí ayé ṣe yí bìrí. Èéfín ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ, pẹ̀lú iná gáàsì tí ń jó ní ẹkùn yìí tọ̀sán-tòru, ba ojú ọjọ́ jẹ́, igi tí ó dúró sì ń fa èéfín yẹn mọ́ra, débi pé àwọn ìlú olówó ń wá ẹni tí yóò jẹ́ kí igi dúró, kí wọ́n sì sanwó fún un. Kì í ṣe àwọn ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó sì gbé e dìde. Ní 2008 àwọn gómìnà láti Amẹ́ríkà, Brazil àti Indonesia dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní California lórí ojú ọjọ́ àti igbó. Ní 2010 California bá Acre ti Brazil àti Chiapas ti Mexico tọwọ́ bọ̀wé, láti wò ó bóyá ilé iṣẹ́ tí ń tú èéfín lọ́dọ̀ tiwọn lè máa sanwó lórí igbó òkèèrè. Ní ilẹ̀ tiwa, ìpínlẹ̀ Cross River ni ó wọ ẹgbẹ́ àwọn gómìnà náà. Ní 2008 kan náà ni Gómìnà Liyel Imoke fòfin de gígé gẹdú níbẹ̀, ní 2011 sì ni UN-REDD, ètò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí sísanwó fún dídá igbó sí, fọwọ́ sí mílíọ̀nù 4 dọ́là kí Nàìjíríà fi múra sílẹ̀, tí Cross River sì jẹ́ àwòkọ́ṣe.

Ṣùgbọ́n ní Ekuri, nínú igbó Cross River yẹn gan-an, àwọn ará ìlú ti ń ṣọ́ igbó wọn fúnra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n sì ti gba ẹ̀bùn Equator, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń yin irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ní 2004. Wọn a máa gé níwọ̀nba, wọn a sì fi owó rẹ̀ tún ìlú ṣe. Nígbà tí òfin dé, kò ya àáké tiwọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti olè, owó tí a ń retí sì ń rìn bí ìgbín. Owó ìmúrasílẹ̀ ni, owó ìpàdé àti owó àwòrán ilẹ̀. Ọ̀nà Àbújá àti olú ìlú ìpínlẹ̀ ni ó gbà.

Ní Delta níhìn-ín, ẹ̀gbà ni igi tiwa, tí gbòǹgbò rẹ̀ nà sínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn títí dé ẹnu òkun, tí àwọn obìnrin ń fi yan ẹja, tí ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ sì ń pa kábọ̀n, ohun inú èéfín tí ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, mọ́ ju ilẹ̀ igbó gbígbẹ lọ. Bí a bá ní kí káńsù máa ṣọ́ ọ, owó wo ni yóò fi ṣe é? Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà, káńsù Uvwie tí ó ni Jakpa Road sì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó dùn létí. Àmọ́ káńsù ní ilé tirẹ̀ láti kọ́kọ́ fi owó náà tún ṣe: ẹni tí òjò ń wọ yàrá rẹ̀, èmi kò tíì rí i kí ó kọ́kọ́ lọ ra agbòjò fún ará òkèèrè.

Mo dìde láti máa lọ. Káfíńtà náà ní kí n dúró ná, ó yí àpótí tí mo ti jókòó lé dojú dé. Ó ní ìgbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ ní Sapele ni òun ti gbé e. Lábẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó tí ó bò ó, ojú òòlù kan wà níbẹ̀, lẹ́tà méjì nínú àmì roboto, ìdajì ọ̀kan ti pa rẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo kà á fún un bí mo ti lè kà á mọ. Ó ní, “Hẹn-ẹn,” ó dá a padà sí ipò rẹ̀, ó sì mú ìfági.