Láti Ìṣùpọ̀ dé Ìṣàyàn: Ìtàn Orúkọ Kan Nínú Ìmọ̀ Sẹ́ẹ̀lì

Ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, èdè Faransé ni a fi ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà "lectine", mo rò pé ó bá "lecture", ìwé kíkà, tan. N kò ṣì í pátápátá. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì: inú ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn "legere" ni wọ́n ti jáde, èyí tó túmọ̀ sí kíkó jọ, ṣíṣà àti kíkà. Ìwé yìí tọpasẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé inú ìmọ̀ sẹ́ẹ̀lì, kí a lè mọ irú orúkọ tó yẹ kí Yorùbá fún nǹkan náà.

Ní ọdún 1888, ní Dorpat, ìlú tí a mọ̀ sí Tartu ní Estonia lónìí, Peter Hermann Stillmark ń kọ àpilẹ̀kọ oyè dókítà rẹ̀ lórí oró inú èso lárà. Ó po oje èso náà mọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ṣù pọ̀, bíi gààrí tí omi kò kárí. Ní 1891, Hellin rí ohun kan náà nínú èso Abrus precatorius, tí àwa ń pè ní ojú ológbò. Ohun tí ojú rí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: "agglutinine", láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún àtè. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè mọ ẹbí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun náà la fi ń pe àwọn èdè tí ń lẹ mọ́fíìmù mọ́ra, bí èdè Tọ́kì.

Orúkọ yẹn sọ àbájáde, kò sọ ìdí. Ní 1919, James Sumner yọ pùròtéènì tí a ń pè ní concanavalin A láti inú ẹ̀wà Canavalia ensiformis. Ní 1936, òun àti Howell fi hàn pé bí a bá fi ṣúgà ìrèké sí i, sẹ́ẹ̀lì kò ní ṣù mọ́. A jẹ́ pé ṣúgà ara sẹ́ẹ̀lì ni pùròtéènì náà ń dì mú. Bí ó bá ti rí òmíràn gbá mú, ọwọ́ rẹ̀ ti kún. Lẹ́yìn náà, William Boyd ní Boston rí i pé oje àwọn èso kan ń mú irú ẹ̀jẹ̀ kan ṣù, ó sì ń fi irú mìíràn sílẹ̀. Ní 1954, òun àti Shapleigh dábàá orúkọ "lectin". Nǹkan náà kò yí padà. Ohun tí a kà sí pàtàkì lára rẹ̀ ló yí padà.

Ohun tó bá mọ ṣúgà yàn, a lè fi í wá ṣúgà. Wọ́n á gé ẹran ara ní ègé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á so ohun tó ń mú àwọ̀ jáde mọ́ lectin, wọ́n á sì dà á lé e. Ibi tí àwọ̀ bá dúró sí ni ṣúgà náà wà. Kí wọ́n má bàa tan ara wọn jẹ, wọ́n á tún un ṣe pẹ̀lú lectin tí wọ́n ti kọ́kọ́ pò mọ́ ṣúgà rẹ̀. Ó yẹ kí àwọ̀ náà pòórá. Ọgbọ́n ọdún 1936 nìyẹn.

Báyìí ni Sáez, Madrid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Spéènì ṣe yẹ kórópọ̀n Pleurodeles waltl wò, ẹranko kan tó nírù bí alángbá, tí awọ rẹ̀ tutù bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Nínú irú kórópọ̀n bẹ́ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tó wà ní ìpele kan náà ń gbé àpò kan náà, àwọn ìpele sì tò tẹ̀léra láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. A lè wo bí ṣúgà ṣe ń yí padà bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dàgbà, bí ẹni ń ka ìlà ìwé.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ̀pà tó wà lọ́jà Igolo ní lectin tí wọ́n fi ń wá fìlà orí àtọ̀. Griffonia simplicifolia, igi kan tó ń fà bí ìtàkùn nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní tirẹ̀, tí Hayes àti Goldstein ṣàlàyé ní 1974. Bandeiraea ni wọ́n ń pe igi náà nígbà yẹn. Nígbà tí orúkọ Griffonia borí, àmì BS di GS. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé igi méjì ni. Igbó wa ni igi náà ti wá, ṣùgbọ́n ohùn wa kò sí nínú orúkọ rẹ̀ méjèèjì.

Kí ni kí Yorùbá máa pe lectin? "Lẹ́kítìnì" gbé ìró wá, kò gbé ìmọ̀ wá. Mo dábàá "aṣaṣúgà": àfòmọ́ a-, bíi ti apẹja, ọ̀rọ̀-ìṣe ṣà, àti ṣúgà. Ohùn ìsàlẹ̀ ṣà di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bíi ti "ṣa ẹ̀wà". Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà ń mú ọ̀kan, ó ń fi òmíràn sílẹ̀. Kò tíì sè é. Lectin náà kì í yí ṣúgà tó dì mú padà, èyí tó yà á sọ́tọ̀ sí ẹ́ńsáìmù. Ẹnìkan lè sọ pé ṣúgà tíì ni yóò wá sọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "sucre" rí ní Faransé, kò sì dí wa lọ́wọ́. Ó ku kí a dán an wò ní kíláàsì: kí a sọ orúkọ méjèèjì fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, kí a sì bi í pé iṣẹ́ wo ni nǹkan náà ń ṣe.