Sáíkọ́lọ́jì Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́ Wèrè

Bí ọmọ kan ní Ìjẹ̀dẹ́, lápá Ìkòròdú, bá sọ pé sáíkọ́lọ́jì ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, kò ṣòro kí òbí rẹ̀ dáhùn pé, "Ṣé wèrè lo fẹ́ máa wò ni?" Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òní. Ìtàn ni ó bí i.

Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé àwọn wèrè sí Yábàá, ní Èkó. Ìhámọ́ ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju ìtọ́jú lọ. Ní 1916, òfin lórí ọ̀ràn àwọn wèrè tẹ̀ lé e. Títí di òní, bí a bá dárúkọ "Yaba Left" ní Èkó, ẹ̀gàn ni.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ni ó la ọ̀nà mìíràn. Thomas Adéoyè Lámbò, tí a bí ní 1923, kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954, kò ti aláìsàn mọ́lé. Inú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni ó fi wọ́n wọ̀ sí, tàwọn ti ìbátan wọn. Wọn a gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọn a sì padà sáàárín ará lálẹ́. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá bá a ṣiṣẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà, kó àwọn olùwádìí lọ sí àwọn abúlé Yorùbá. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn wa mọ àmì ìbànújẹ́ tí ń sọni di aláìsàn, bí a kò tilẹ̀ fún un ní orúkọ kan ṣoṣo bí àwọn Òyìnbó ti ṣe.

Oníṣègùn ni Lámbò. Ti akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì yàtọ̀. Ìmọ̀ yìí, tí Wilhelm Wundt ṣí yàrá ìwádìí rẹ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, ní 1879, ń wo bí ènìyàn ṣe ń rántí, bí ọmọdé ṣe ń dàgbà àti bí ẹ̀dá ṣe ń hùwà láwùjọ. Ọdún mẹ́rin ni a sábà fi ń gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Akọka. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ tún kàwé sí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òfin ìlera ọpọlọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè pa ẹ̀gàn rẹ́. Nígbà tí ìyá àgbà bá wí pé, "Ara mi kò lélẹ̀, ọkàn mi pòrúurù," ta ni yóò gbọ́ ọ yé? Ọmọ tí ó kọ́ ìmọ̀ yìí, tí kò sì gbàgbé èdè ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá yan ọ̀nà yìí, ẹ má dí i lọ́nà.