Josiah Walls: ẹrú tí ó di ọmọ ogun, àgbẹ̀ àti dépíté

Ẹ jẹ́ kí á sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú ogun kan ṣoṣo. Josiah Walls ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1842 ní ìlú Winchester, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Ẹrú ni.

Ní 1861, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn ará Gúúsù kò fẹ́ kí ẹrú bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi yapa nìyẹn. Wọ́n fi ipá mú Walls lọ sójú ogun, kí ó máa ṣe ìránṣẹ́ fún ọmọ ogun wọn kan. Ẹ wo nǹkan! Ó ń sin àwọn tí ó ń jà kí òun má baà ní òmìnira. Ní oṣù karùn-ún 1862, àwọn ọmọ ogun Àríwá mú un ní Yorktown. Wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì lọ sí ìlú Harrisburg, níbi tí ó ti kàwé fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù keje 1863, òun fúnra rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ogun àwọn aláwọ̀ dúdú ti Àríwá. Ó di sájẹ́ǹtì.

Nígbà tí ogun parí ní 1865, Florida ni ó wà, kò sì padà sílé. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la igi, ó sì di olùkọ́ ní ìlú Archer. Ìwé díẹ̀ tí ó mọ̀ náà ni ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú bíi tirẹ̀. Ó ra oko kékeré kan. Nígbà tí ó yá, ó ra oko òwú ńlá kan, bí 475 hẹ́kítà, èyí tí ó ti jẹ́ ti ọ̀gágun Gúúsù kan rí.

Ní 1868, ó wà lára àwọn tí ó kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun fún Florida. Wọ́n yàn án ní dépíté ìpínlẹ̀ náà. Ní 1870, wọ́n yàn án sí Ilé Aṣòfin àpapọ̀ ní Washington. Kò tíì sí aláwọ̀ dúdú láti Florida tí ó dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì, ní 1873 àti 1876, ni alátakò rẹ̀ gbé ẹjọ́ ìbò wá, tí Ilé sì yọ ọ́ kúrò lórí ìjókòó. Ẹ rántí pé ní àkókò yẹn, àwọn ẹgbẹ́ abojú-bíbò tí à ń pè ní Ku Klux Klan ń na àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ń pa wọ́n, kí wọ́n má baà dìbò.

Ó padà di dépíté ní Florida. Ohun tí ó ń jà fún níbẹ̀ ni pé kí òfin mú gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ní 1879, ọ̀ràn ìṣèlú sú u, ó sì gbájú mọ́ oko: tòmátì, sàládì, ọsàn. Ó lówó.

Ní oṣù kejì 1895, òtútù tí ó ń mú omi dì bo Florida. Ọsàn kú, oko run, ọrọ̀ rẹ̀ sì lọ. Walls di olùtọ́jú oko fún ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Tallahassee, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 1905. Kò sí ìwé ìròyìn kankan ní Florida tí ó kéde ikú rẹ̀. Ọdún 1993 ni aláwọ̀ dúdú mìíràn láti Florida tó tún jókòó ní Ilé tí wọ́n ti yọ ọ́ náà.