Látìn tí àwọn lọ́yà ń sọ ní kọ́ọ̀tù: ìtumọ̀ rẹ̀ rèé

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ ó ti gbọ́ ọ nínú ìròyìn wa pé adájọ́ sún ẹjọ́ kan síwájú "sine die". Kì í ṣe orúkọ oṣù o. Adájọ́ ò dá ọjọ́ kankan ni, ó di ìgbà tí kọ́ọ̀tù bá tún ránṣẹ́ pè wọ́n. Èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Èyí tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ mọ̀ jù ni "nemo dat quod non habet": kò sẹ́ni tó lè fúnni ní ohun tí kò ní. Bí ọmọ onílẹ̀ bá ti ta ilẹ̀ fún Àìná tán pátápátá, tó tún wá ń tà á fún Òjó, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ tà? Owó rẹ̀ ni Òjó máa máa lé kiri, kì í ṣe ilẹ̀. "Lis pendens" ò jìnnà sí i: ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó ṣì wà ní kọ́ọ̀tù, ó ra ẹjọ́ mọ́ ọn ni. Ibi tí adájọ́ bá dá ẹjọ́ náà sí, ó máa bá a dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín wádìí kí ẹ tó sanwó.

"Locus standi" ni ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Lọ́dún 1981, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Sẹ́nétọ̀ Abraham Adésànyà ò ní i, nígbà tó ta ko bí Ààrẹ ṣe yan Adájọ́ Ovie-Whiskey ṣe alága àjọ elétò ìdìbò, FEDECO. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1987, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ní Gani Fawehinmi ní i, nígbà tó fẹ́ fúnra rẹ̀ pe àwọn ọ̀gá aláàbò méjì lẹ́jọ́ lórí ikú Dele Giwa, oníròyìn tí wọ́n fi bọ́ǹbù pa lọ́dún 1986. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀daràn kan gbogbo ará ìlú. Lójú tiwa, ìdájọ́ kejì yìí ló bá làákàyè mu.

"Ex parte": apá kan ṣoṣo ni adájọ́ gbọ́ kó tó pàṣẹ. Àwọn àgbà wa ò fẹ́ irú ẹ̀ rárá, àṣẹ náà kì í sì í pẹ́.

Bí ọlọ́pàá bá ti ẹnì kan mọ́lé, "habeas corpus" ni àṣẹ pé kí wọ́n gbé e wá síwájú adájọ́, kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi dá a dúró. Abala 35 nínú òfin ọdún 1999 fún wọn ní ọjọ́ 1 bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40; bí kò bá sí, ọjọ́ 2, tàbí iye tí kọ́ọ̀tù bá rí i pé ó tọ́. Ẹ̀sùn tó la ikú lọ yàtọ̀.

"Prima facie" ò sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀ tó yẹ kó wá dáhùn ni. "Pro bono", lọ́yà ò gbowó.

"Alibi" náà Látìn ni: ibòmíràn ni mo wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí ẹ dárúkọ ibẹ̀ àtàwọn tí ẹ jọ wà, kí wọ́n lè lọ wádìí rẹ̀. Bó bá di iwájú adájọ́ kí ẹ tó rántí, ó ti pẹ́ jù.